Sísun Iṣan Ìmọ̀lára Nítorí Làkúrègbé Orúnkún: Àlàyé Lórí Ìlànà àti Orúkọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan náà, iṣan, ni Yorùbá fi ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, okùn tí í fa egungun nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, àti fọ́nrán tí í gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ìpapọ̀ yìí kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá sọ fún ìyá arúgbó kan pé òun fẹ́ sun iṣan orúnkún rẹ̀, ohun tí ìyá náà yóò gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ sọ òun di arọ. Kò sì jẹ̀bi. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, iṣan ìmọ̀lára ni orúkọ fọ́nrán kẹta náà.

Làkúrègbé orúnkún ti ọjọ́ ogbó máa ń jẹ ohun yíyọ̀ tó bo orí egungun. Ohun yíyọ̀ yìí fúnra rẹ̀ kò ní iṣan ìmọ̀lára. Láti ara egungun abẹ́ rẹ̀ àti awọ tó yí oríkèé ká ni ìrora ti ń wá. Ẹ̀ka mẹ́ta ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń lépa: méjì lókè orúnkún, lápá inú àti lápá òde, àti ẹyọ kan nísàlẹ̀ lápá inú. Wọ́n máa ń yẹra fún ti ìsàlẹ̀ lápá òde, nítorí pé ó sún mọ́ iṣan ńlá tó ń darí gbígbé iwájú ẹsẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ṣèèṣì sun ìyẹn lè sọ aláìsàn di ẹni tí ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìbẹ̀rù ìyá arúgbó náà kò ṣàìní ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibòmíràn ni ewu náà wà.

Kí wọ́n tó sun ohunkóhun, wọ́n á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ fún oògùn tí í mú ojú ibẹ̀ kú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìrora kò bá dín kù tó ìdajì fún ìwọ̀nba wákàtí tí oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ oníṣègùn kì í tẹ̀ síwájú. Bí ó bá dín kù, wọ́n á fi ẹ̀rọ X-ray tọ́ abẹ́rẹ́ mìíràn dé ibẹ̀, èyí tí iná kò lè gba ara rẹ̀ jáde àfi ní ṣóńṣó. Iná mànàmáná tó ń yí padà ní nǹkan bí ìgbà 500,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń rán sí i. Abẹ́rẹ́ náà kò gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ. Ẹran ara tó yí ṣóńṣó ká ni iná ń mì títí yóò fi gbóná tó ìwọ̀n 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.

Àwọn kan ń pe èyí ní pípa iṣan. Orúkọ náà kò tọ̀nà. Nítòsí ògóóró ẹ̀yìn ni orísun fọ́nrán náà wà, ooru kò sì dé ibẹ̀. Nítorí náà fọ́nrán náà lè tún hù bí ẹ̀ka igi tí a rẹ́. Ìdí nìyí tí ìtura fi sábà máa ń mọ ní oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí wọ́n sì lè tún un ṣe.

Ní ọdún 2011, Choi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kòríà gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 38. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìrora ti dín kù tó ìdajì fún 59 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n sun iṣan wọn. Kò sí ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n kàn ki abẹ́rẹ́ bọ̀ lásán. Àbájáde yìí lágbára, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà kéré, ọ̀sẹ̀ 12 kò sì pẹ́ tó. Ó tún kù síbì kan: bí ìrora tilẹ̀ lọ, làkúrègbé ṣì ń jẹ oríkèé náà lọ, ìdárayá àti dídín ìsanra kù kò sì kúrò lọ́rùn aláìsàn.