Ẹsẹ̀ òsì Tony Allen, àti bí jáàsì ṣe wọ̀ mí lára ní Malu Road

Ọmọ àyàn kì í wá olùkọ́ lọ sókèèrè. Baba rẹ̀ ń lù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lù, òun náà á ti gbé gúdúgúdú kọ́rùn kí ojú rẹ̀ tó dá. Tony Oladipo Allen kì í ṣe ọmọ àyàn. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ni baba rẹ̀, ìran Ghana sì ni ìyá rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1940. Ó ti tó ọmọ ọdún 18, ó ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ rédíò, kó tó mú igi ìlù dání. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ Afrobeat níbikíbi láyé kó má dárúkọ rẹ̀. Òun náà ló sì là mí létí sí jáàsì.

Ìlù rẹ̀ ni mo gbọ́ kí n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Malu Road ní Èkó, láti ìhà Àpápá títí wọ Ajégúnlẹ̀, mọ̀ pé etí kì í sinmi níbẹ̀: tírélà tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù, kọ́ńdọ́ tó ń pe Boundary, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Nígbà èwe mi, galala ló gba gbogbo ojúlé, orin Daddy Showkey àti Baba Fryo la sì ń jó. Bàbá kan wà nínú ilé wa tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní wọ́ọ̀fù. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó kó jọ kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Òmíràn wà nínú wọn tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn atukọ̀ ló ti rà á. Lọ́sàn-án Sunday, bó bá ti jẹun tán, á gbé àwo jáàsì ti Art Blakey sórí ẹ̀rọ. Kò kọ́kọ́ wọ̀ mí létí. Kò sí akọrin níbẹ̀, kò sí ègbè, n kò sì mọ ibi tí orin náà ń lọ. Bàbá ní kí n má wá akọrin mọ́, kí n mú ohun kan ṣoṣo, kí n máa tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹsẹ̀ onílù.

Nígbà tí àwo yẹn parí, ó fi *Gentleman* ti Fela rọ́pò rẹ̀, ó ní kí n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Fela tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré di tuntun sí mi lọ́jọ́ náà. Ohùn rẹ̀ àti fèrè ni etí mi ti máa ń bá lọ tẹ́lẹ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni rí pé ta ló jókòó sẹ́yìn wọn. Tony Allen ni.

Inú àwo àti ìwé ìròyìn ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn wọn ti kọ́ iṣẹ́. Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jáàsì ará Amẹ́ríkà, ni Allen ń fi etí lé kiri ní Èkó nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn *Down Beat* kan bọ́ sí i lọ́wọ́, níbi tí Roach ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo hi-hat. Ẹ ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì: àwo idẹ méjì tó dojú kọra lórí irin, tí ẹsẹ̀ òsì onílù ń pa dé tó sì ń ṣí. Allen máa ń sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn onílù highlife ìgbà yẹn ní in níwájú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Òun lọ kọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni o. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ti ní ohun tirẹ̀ láti sọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ọwọ́ méjèèjì náà á dòmìnira. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń tẹ ìlù ńlá kò ní í máa ka ìṣísẹ̀ fún oníjó mọ́. Ó lè dúró díẹ̀, ó lè ṣáájú díẹ̀, ó lè bá gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ jíròrò. Ọwọ́ òsì á máa fi gbólóhùn kúkúrú há àárín, ọwọ́ ọ̀tún á máa ṣàn lórí idẹ. Bí ẹgbẹ́ dùndún ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì ń dá a lóhùn, gúdúgúdú kò kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ń lu ohun tí èkejì ń lù. Odindi ẹgbẹ́ ló ń gbà. Allen nìkan ló ń dá a ṣe lórí àga kan, ohùn ìlù rẹ̀ kò sì le, kò pariwo. Mo ti gbọ́ onílù tó yára jù ú lọ. N kò tíì gbọ́ èyí tó ń ronú jù ú lọ.

Kò fò débẹ̀. Nínú Cool Cats, ẹgbẹ́ Victor Olaiya, igi méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ó ti ẹgbẹ́ highlife kan bọ́ sí òmíràn. Fela ní tirẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní London, ó padà sílé ní 1963, ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò NBC, ó sì ń wá onílù tó lè lu jáàsì. Ní 1964 Allen lọ lù fún un. Ẹnu ya Fela. Ó bi í bóyá London ló ti kọ́ ọ ni tàbí Amẹ́ríkà. Èkó ni. Láti ẹgbẹ́ Koola Lobitos títí dé ẹgbẹ́ Africa 70 ni wọ́n jọ wà, títí Allen fi kúrò ní 1979. Wọ́n ní Fela fúnra rẹ̀ sọ pé bí kò bá sí Tony Allen, kò ní í sí Afrobeat.

Orí mi máa ń wú bí mo bá rántí bí nǹkan yìí ṣe sún mọ́ wa tó. Wharf Road ní Àpápá ni yàrá ìgbohùnsílẹ̀ EMI wà. Ibẹ̀ ni olórin Paul McCartney wá ní 1973 fún àwo *Band on the Run*, ìtàn tí gbogbo ayé sì ń sọ nípa Àpápá nìyẹn. Èmi á fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ Fela, tó ń bá EMI ṣiṣẹ́ nígbà náà, tí *Gentleman* rẹ̀ jáde lọ́dún kan náà.

Ẹ̀yìn àwo ni mo ti ka èyí tó kù nínú ìtàn náà. Ní 1960, Max Roach ṣe *We Insist!*, Babatunde Olatunji, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, sì lu ìlù níbẹ̀. Ní 1962, Art Blakey ṣe *The African Beat*, Solomon Ilori, ọmọ Yorùbá, sì wà nínú ẹgbẹ́ tó kó jọ. Ní Èkó, ọmọ mẹkáníìkì kan ń wá ọgbọ́n Roach àti Blakey kiri. Ní Amẹ́ríkà, Roach àti Blakey jókòó ti onílù Yorùbá.

Paris ni Allen padà fi ṣe ilé. Ní 2017, Blue Note, iléeṣẹ́ tó gbé ọ̀pọ̀ àwo Blakey jáde, gbé orin mẹ́rin jáde tí Allen fi yẹ́ Blakey sí. *The Source* tẹ̀lé e lọ́dún kan náà. Paris náà ló kú sí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 79.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń wí, kó wá *A Night in Tunisia* méjèèjì, èyí tí Blakey ṣe ní 1960 àti èyí tí Allen ṣe ní 2017. Blakey kò fún èèyàn láyè láti mí. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni àrá ti ń sán. Allen kò sáré. Níbi tí Blakey ti ń rọ̀jò ìlù, ó ń fi àyè sílẹ̀, ó ń jẹ́ kí àwọn onífèrè gba inú rẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ràn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti Allen ni mo máa ń gbé sí i fún àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ tó bá ní kí n fi jáàsì han àwọn. Ijó wà nínú rẹ̀. Wọn kì í jókòó gbọ́ ọ tán.