Ibùdókọ̀ Ojú Irin Abẹ́ Ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìwọ tí o ń múra ìdánwò, wọ́n lè ní kí o kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ohun tí o kò fojú rí rí. Má ṣe purọ́ pé o ti dé ibẹ̀. Ohun tí olùdánwò ń fẹ́ ni kí o sọ bí nǹkan náà ṣe rí, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dára fún irú àròkọ yìí, nítorí a kò ní irú rẹ̀ nílé. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń kó èrò láàárín ìlú Èkó láti ọdún 2023, orí afárá àti orí ilẹ̀ ni ó ń gbà. Mo mú King's Cross St Pancras, ọ̀kan nínú àwọn ibùdókọ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe àpẹẹrẹ fún ọ.

Kí ni ó gbé ọkọ̀ ojú irin dé abẹ́ ilẹ̀? Àìsí àyè ni. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀ ti dí títì Lọ́ńdọ̀nù pa, kò sì ṣeé ṣe láti wó ilé onílé tán nítorí ọ̀nà, ni wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ọdún 1863, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Paddington dé Farringdon, King's Cross sì wà lára ibi tí ó ti ń dúró. Ẹ̀ńjìnnì tí ń rú èéfín ni ó ń fà á nígbà náà. O lè fojú inú wo bí inú ihò yóò ti rí. Ọdún 1890 ni ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná kọ́kọ́ gba inú ihò tí ó jìn sí ìsàlẹ̀.

Jẹ́ kí á sọ̀ kalẹ̀ wò ó báyìí. Láti ojú títì, ìwọ yóò wọ gbọ̀ngàn kan lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí a ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwọ yóò fi tíkẹ́ẹ̀tì tàbí káàdì rẹ kan ẹnu géètì kékeré kan, yóò sì ṣí fún ìwọ nìkan. Lẹ́yìn géètì ni àtẹ̀gùn tí ń rìn fúnra rẹ̀ wà. O kò ní í gbé ẹsẹ̀; òun ni yóò gbé ọ lọ sísàlẹ̀. Apá ọ̀tún ni kí o dúró sí, nítorí ẹni tí ń kánjú ni ó ni apá òsì. Nísàlẹ̀, àwọn ọ̀nà tóóró yà síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ sí pèpéle tí èrò ti ń wọkọ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ mẹ́fà ni ó pàdé ní King's Cross, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀ lórí àwòrán ọ̀nà kí àjèjì má baà ṣìnà. Lórí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Victoria, ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù, ọkọ̀ kan kì í tíì lọ tó ìṣẹ́jú méjì kí òmíràn tó dé.

Ohun tí ó yẹ kí o dì mú ni pé wọn kò kọ́ ibùdókọ̀ náà fún ìdúró. Ìrìn ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ọkọ̀ kan lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá tètè gòkè, àwọn tí ọkọ̀ ẹ̀yìn yóò tú sílẹ̀ kò ní í ríbi fẹsẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ni ojú irin tí ó ní iná mànàmáná lára wà nísàlẹ̀ pèpéle. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi máa ń ti géètì òkè nígbà mìíràn, tí wọn yóò dá èrò dúró síta. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ yóò bínú. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù a sì máa sọ pé ará ibẹ̀ kò mọ ìkíni. Kì í ṣe ibẹ̀ ni kí a ti dán ìwà wọn wò: ẹni tí ó bá dọ̀bálẹ̀ kí àgbà ní ìdí àtẹ̀gùn, èrò ẹ̀yìn ni yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbi tí èrò ti pọ̀ tó báyìí, ọ̀nà àbájáde kò gbọdọ̀ di pańpẹ́. Èyí ni King's Cross kọ́ gbogbo ayé ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1987. Nígbà náà, igi ni ó pọ̀ jù lára àtẹ̀gùn tí ó ti ọ̀nà Piccadilly gòkè wá. Òfin ti de sìgá mímu ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ láti ọdún 1985, àmọ́ àwọn èrò a máa ṣáná sí sìgá lórí àtẹ̀gùn bí wọ́n ti ń jáde lọ. Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, igi ìṣáná kan bọ́ sí àlàfo ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Gíríìsì, irun, bébà àti ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ ọdún ni ó wà lábẹ́ ibẹ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ ti jó rí tí ó sì kú fúnra rẹ̀, nítorí náà àyà kò tètè já ẹnikẹ́ni. Lójú, kò ju ìgbà tí a bá ń sun páálí lọ.

Àwọn ọlọ́pàá ní kí èrò máa jáde, kí wọ́n gba àtẹ̀gùn ọ̀nà Victoria, nítorí iná kò sí níbẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára lójú, ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn kan náà ni àtẹ̀gùn méjèèjì já sí. Ní aago 7:45, iná náà bú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ènìyàn 31 ni ó kú. Colin Townsley, ọ̀gá panápaná tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, bá a lọ. Ọ̀kan nínú àwọn òkú náà wà láìní orúkọ títí di ọdún 2004 kí wọ́n tó mọ ẹni tí í ṣe.

Báwo ni iná kékeré ṣe di ńlá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Má fo ìbéèrè yìí, òun ni àlàyé gan-an. A mọ̀ pé iná a máa na ahọ́n sókè. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn náà dà bí kòtò tí ó dàgẹ̀rẹ̀, tí ó ní ògiri ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe kékeré irú rẹ̀ tí wọ́n sì dáná sí i, wọ́n rí i pé ahọ́n iná kò dìde. Ó dùbúlẹ̀ sínú kòtò náà, ó ń yan igi tí ó wà níwájú títí gbogbo rẹ̀ fi gbóná tó láti gbiná, ó sì tú jáde lókè bí omi ẹnu páìpù.

Desmond Fennell ni ó ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1988, ìmọ̀ràn 157 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ó rí i pé àwọn aláṣẹ ti gbà lọ́kàn wọn pé kò sí bí iná kò ṣe ní í máa ṣẹ́ níbẹ̀, wọn kò sì kọ́ òṣìṣẹ́ dáadáa ní ohun tí wọn yóò ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi irin rọ́pò àtẹ̀gùn onígi, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń mọ ooru àti èyí tí ń tú omi sí abẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń kọ́ òṣìṣẹ́ bí a ti ń kó èrò jáde. Bí o bá dé irú ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí o gbọ́ tí wọ́n ń kéde pé kí gbogbo ènìyàn jáde, má dúró wá ibi tí iná wà. Àtẹ̀gùn onígi tí ó kẹ́yìn wà ní Greenford, ọdún 2014 ni wọ́n tó pa á tì. Ṣùgbọ́n èyí kò sí lábẹ́ ilẹ̀, òkè ni ó ń gbé èrò lọ.