Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Mu Ṣéèkì Purotéènì, Kí Ló sì Yẹ Ká Fi Pò Ó?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ń lọ sí jíìmù láti oṣù mẹ́ta, owó páúdà purotéènì sì ti fẹ́ jẹ owó oúnjẹ ilé rẹ̀ tán. Ohun tó ń dà á láàmú jù ni pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ kó délé mu ún láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. "Prof, ṣé gbogbo wàhálà mi ò ti já sásán báyìí?"

Rárá o. Lọ́dún 2013, Schoenfeld, Aragon àti Krieger kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n rí i pé tí a bá ti ṣírò àpapọ̀ purotéènì tí èèyàn ń jẹ lójúmọ́, àǹfààní títètè mu ún fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Àpapọ̀ ọjọ́ ni kókó.

Èló wá ni àpapọ̀ náà? Fún ẹni tí kì í ṣe eré ìdárayá, gíráàmù 0.8 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbé irin, bíi 1.6. Tó bá wọn kílò 70, gíráàmù 112 nìyẹn. Ẹyin kan ní bíi 6. Ṣíbí páúdà kan sábà máa ń ní 20 sí 25. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́.

Ní ti pípò, ohun tí ẹ ń wá ló máa sọ ọ́:

Ẹni tó fẹ́ fọn: omi tútù lásán, kò sí ṣúgà. Kó mu ún ṣáájú oúnjẹ, ebi á rọlẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ sanra: wàrà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà lílọ̀. Kó mu ún lẹ́yìn oúnjẹ, kó má bàa yó kó tó jẹun.

Ẹni tó fẹ́ kí iṣan rẹ̀ le: omi tàbí wàrà, láàárín wákàtí bíi méjì ṣáájú tàbí lẹ́yìn jíìmù. Tó bá fẹ́ mu nǹkan kó tó sùn, wàrà ló dáa, torí bíi ìdá 80 nínú 100 purotéènì inú wàrà màlúù ni casein, tó máa ń dà díẹ̀díẹ̀.

Tí wàrà bá ń dà yín nínú rú, bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ lo wàrà sóyà. Ẹ kọ́kọ́ da omi, kí páúdà tẹ̀ lé e. Omi gbígbóná máa ń jẹ́ kó dì. Èyí tí ẹ bá ti pò, tí iná ò sí, ẹ má fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Èmi náà ńkọ́? Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ó di pé mi ò lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti í. Àgbà nílò 1.0 sí 1.2, ẹ̀kọ àti búrẹ́dì sì ni oúnjẹ àárọ̀ mi. Mo wá fi ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín kún un. Lọ́jọ́ míì, ṣíbí páúdà kan nínú ògì tó ti lọ́ wọ́rọ́. Mo tún ń jókòó, mò ń dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láràárọ̀. Báyìí, mo ń dìde fúnra mi. Páúdà nìkan kọ́ ló ṣe é o. Láìsí eré ìdárayá, iṣan ò lè le.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àrùn, kó rí dókítà rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan agolo.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti dín páúdà kù sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin ló fi dí ìyókù, owó sì tún ń ṣẹ́kù sílé.