Rọ́bà tí kò yọ̀ tó kó àjọ họ́kì Amẹ́ríkà sí ìyọnu

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí àwọn eléré họ́kì orí yìnyín ń fi igi gbá kiri yóò rò pé kò sí ohun tó rọrùn tó o láti ṣe. Ó rí róbótó, ó fẹ̀ ní íǹṣì 3, ó nípọn ní íǹṣì 1, kò sì wúwo ju gíráàmù 170 lọ. Pọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2021, rọ́bà kékeré yìí kó àjọ NHL, tí ó ń darí ìdíje họ́kì ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, sí ìyọnu.

Orí omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ mú dì ni wọ́n ti ń ṣe eré yìí. Àwọn eléré a wọ bàtà tí irin mímú wà lábẹ́ rẹ̀, wọn a sì máa wá bí wọn yóò ṣe gbá pọ́ọ̀kì wọ inú àwọ̀n. Eré tó yá ni. Ní ọdún 2012, Zdeno Chara, ọmọ bíbí Slovakia, gbá a débi pé ó sáré máìlì 108.8 ní wákàtí kan. Mọ́tò tó bá sáré bẹ́ẹ̀ ní títì márosẹ̀, àwọn èrò inú rẹ̀ á ti máa ké pe Ọlọ́run.

Àṣírí rẹ̀ ni pé ojú yìnyín kì í gbẹ tán. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, orí rẹ̀ ni pọ́ọ̀kì ti ń yọ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí ilẹ̀ alámọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí ara rọ́bà kò bá dán tó, yóò máa di ilẹ̀ mú. Bí ó bá sì gbóná, yóò máa ta bí bọ́ọ̀lù, ìdí nìyí tí òfin fi ní kí pọ́ọ̀kì máa wà nínú òtútù fìríìsà. Àwọn tó ń gbá họ́kì lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí bàtà wọn ní táyà, kò ní omi yìí. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ ike kéékèèké sára pọ́ọ̀kì tiwọn lókè àti nísàlẹ̀, kí ó má baà fi gbogbo ara wọ́ ilẹ̀.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n ní kí pọ́ọ̀kì ṣe ju yíyọ̀ lọ. Ní ọdún 1996, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Fox la pọ́ọ̀kì sí méjì, wọ́n ki bátìrì àti ẹ̀rọ bọ inú rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí àwọn òǹwòran lè máa rí i bí ó ṣe ń tàn lójú amóhùnmáwòrán. Àwọn eléré ráhùn pé ó ń ta ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1998, ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ní ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 2021, tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, NHL tún gbé pọ́ọ̀kì ẹlẹ́rọ jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ àjà ni yóò máa mọ ibi tó wà àti bó ṣe ń sáré tó. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi kó o kúrò. Kò yọ̀ bí èyí tí àwọn eléré mọ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àjọ náà kò di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ inú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá kò rí irú àṣeparí fínnífínní tí ti tẹ́lẹ̀ rí níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Bíi káfíńtà tó kan àga dáadáa, tí kò wá fá ojú igi rẹ̀ kó dán! Ní wọ́n bá padà sórí pọ́ọ̀kì àtijọ́. Kámẹ́rà ń rí àwọn eléré, kò rí ohun tí wọ́n ń lé.

A kò lè bá àwọn eléré náà wí. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wà lórí góòlù kò lè máa fi rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú dán oríire wò.

Nígbà tó yá, wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe, pọ́ọ̀kì ẹlẹ́rọ sì padà sórí yìnyín NHL. Inú fìríìsà náà ni wọ́n ń kó òun pẹ̀lú sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀.