Èrò 1,000 lójúmọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ìjà ìlú Bar Harbor àti àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun

Bí àlejò márùn-ún bá wọ ilé ẹni láàárọ̀, onílé á dáná, á tẹ́ ẹní. Bí wọ́n bá di àádọ́ta, á ké sí ará ilé kejì kó wá ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ìlú tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju bíi 5,000 lọ yóò ṣe nígbà tí àlejò tó lé ní 3,000 bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ kan ṣoṣo láàárọ̀, tí gbogbo wọn sì fẹ́ rìn yí ìlú ká kí ọkọ̀ wọn tó ṣí lọ́jọ́ náà? Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ nìyí ní Bar Harbor, ìlú etí òkun kan ní ìpínlẹ̀ Maine lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìjà náà ti gbé wọn dé ibùdó ìdìbò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti gbé wọn dé kóòtù ìjọba àpapọ̀.

Ọkọ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, kì í sì í ṣe ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn sọdá omi lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé otẹ́ẹ̀lì alájà púpọ̀ ni, tó ń rìn lórí omi, tó ní yàrá, ilé oúnjẹ, odò ìwẹ̀ àti ibi ijó nínú. Èrò á san owó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ á sì máa gbé wọn láti ìlú dé ìlú. Wọn á sùn sínú ọkọ̀ lóru, wọn á sọ̀ kalẹ̀ lọ wòran lọ́sàn-án. Ọkọ̀ ńlá kan lè gbé èrò tó ju 3,000 lọ, láì tíì ka àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀.

Bar Harbor kì í ṣe ìlú tí kò mọ àlejò. Àwọn olówó Amẹ́ríkà ti kọ́ ilé ìsinmi síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kí iná ńlá ọdún 1947 tó jó púpọ̀ nínú àwọn ilé náà. Ẹ̀gbẹ́ ìlú náà ni Acadia wà, igbó àti òkè tí ìjọba àpapọ̀ ti ń dáàbò bò láti ọdún 1916, tí iye ìgbà tí ènìyàn ń yà síbẹ̀ lọ́dún ń tó bíi mílíọ̀nù 4. Àwọn apẹja ibẹ̀ ń pa edé ńláńlá inú òkun. Láti oṣù May títí dé October ni ọjà fi ń yá. Bí òtútù bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á ti ilẹ̀kùn. Ohun tí oníṣọ́ọ̀bù yóò jẹ lọ́dún, inú oṣù mẹ́fà péré ló ti gbọ́dọ̀ rí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn kan fi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù kò gbọdọ̀ gbàgbé oṣù mẹ́fà yìí.

Ìlú náà kò ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè fara tì. Ọkọ̀ á ju ìdákọ̀ró sójú omi tí wọ́n ń pè ní Frenchman Bay, àwọn ọkọ̀ kéékèèké á wá máa kó èrò wá sí etí ilẹ̀. Àárín ìlú kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Bí ọkọ̀ méjì bá wá lọ́jọ́ kan náà, gbogbo èrò wọn ló máa pàdé lójú títì kan náà, pẹ̀lú àwọn tó wakọ̀ wá wo Acadia àti àwọn ará ìlú tó fẹ́ ra búrẹ́dì.

Kì í ṣe pé kò sí òfin kankan tẹ́lẹ̀. Kí ọdún 2022 tó parí, iye èrò ọkọ̀ tí ìlú ń gbà lójúmọ́ jẹ́ 3,500 ní oṣù July àti August, ó sì jẹ́ 5,500 ní àwọn oṣù yòókù tí ọkọ̀ ń wá. Ẹ ò rí i pé 5,500 ju gbogbo ọmọ ìlú lọ, àti tàgbà tèwe.

Ní November 2022, àwọn ará ìlú fúnra wọn gbé òfin tuntun wá síbi ìdìbò. Àwọn 1,780 ní kí ó di òfin, àwọn 1,273 ní rárá. Òfin náà sọ pé èrò tí yóò ti inú ọkọ̀ ìgbafẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú kò gbọdọ̀ ju 1,000 lọ lóòjọ́, ìyẹn àpapọ̀ èrò gbogbo ọkọ̀ tó bá wá lọ́jọ́ náà. Lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá lé, owó ìtanràn kò gbọdọ̀ dín ní dọ́là 100. Ẹni tí wọ́n sì di ẹrù náà rù kì í ṣe ọ̀gákọ̀; ẹni tó ni ilẹ̀ tàbí afárá tí èrò ń gbà gúnlẹ̀ ni. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ìlú kékeré kò lè pàṣẹ fún ọkọ̀ tó wà lójú òkun, ṣùgbọ́n ó lè pàṣẹ lórí ilẹ̀ tirẹ̀.

Lójú ẹni tí kò fura, 1,000 jọ iye tí wọ́n kàn fi dín èrò kù. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó gbé 3,000 kò lè sọ fún 2,000 nínú wọn pé kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ kí àwọn yòókù lọ gbafẹ́, nígbà tó jẹ́ pé iye kan náà ni gbogbo wọn san. Ohun tí òfin náà ń sọ ní tòótọ́ ni pé kí ọkọ̀ ńlá má wá mọ́, kí àwọn kéékèèké nìkan máa bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ti mú sílẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í yọ sí ìlú lójijì. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín á kọ́kọ́ kàn sí ọ̀ga èbúté, á mú ọjọ́, wọn á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó lè ku ọdún méjì gbáko kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìlú tí yóò yà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ìlú tó bá ṣòfin lónìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò fi àdéhùn àná ṣe. Àwọn ará Bar Harbor kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbà fún ọkọ̀ ṣáájú March 17, 2022 kò ní yẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ ńlá ṣì fi ń wá lẹ́yìn tí ìdìbò ti parí, tí ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ sì lè máa rò pé òfin náà kò múná.

Kí ọdún 2022 tó lọ sílẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kan, pẹ̀lú àwọn tó ni ibi ìgúnlẹ̀ èrò, ti gba kóòtù lọ lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láti dáàbò bo iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Àwọn atọ́nà ọkọ̀, ìyẹn àwọn tó mọ ojú omi àdúgbò náà tí wọ́n ń tọ́ ọkọ̀ ńlá wọlé, bá wọn dá sí i, nítorí àtijẹ àwọn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní February 29, 2024, Adájọ́ Lance Walker ti kóòtù ìjọba àpapọ̀ dá ẹjọ́ pé ìlú náà lẹ́tọ̀ọ́ sí òfin rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ti dá wọn lọ́wọ́ kọ́: òfin ìlú kò lè dí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀, torí pé òfin àpapọ̀ ti fún àwọn atukọ̀ ní ẹ̀tọ́ yẹn.

Owó ńkọ́? Àwọn àgbà wa mọ oníbodè, wọ́n sì mọ owó tó ń gbà lẹ́nu odi ìlú. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin wọn ti dí oníbodè èbúté lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìpínlẹ̀ kan kò gbọdọ̀ dá owó lé ọkọ̀ tó bá wọlé láìjẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Ohun tí ìlú lè gbà ni owó iṣẹ́ tó ṣe fún ọkọ̀ àti èrò rẹ̀. Juneau, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Alaska, ló fojú winá òfin yìí jù. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó wọ Juneau láti ìlú mìíràn. Ọkọ̀ omi tàbí ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Àwọn olùgbé ibẹ̀ tó bíi 32,000, ṣùgbọ́n lọ́dún 2023, èrò ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó débẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1.6.

Juneau ń gba dọ́là 5 lórí èrò kọ̀ọ̀kan, ó tún ń gba dọ́là 3 fún àtúnṣe èbúté. Ìpínlẹ̀ Alaska náà ń gba dọ́là 34.50 lórí ẹnì kan, ó sì ń dá dọ́là 5 padà fún ìlú kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá yà, títí dé orí ìlú keje. Owó gidi ni. Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ pe Juneau lẹ́jọ́ pé ó ń fi owó yìí ṣe ohun tí kò kan ọkọ̀. Lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni ọgbà etí omi kan tí wọ́n gbé ère àbùùbùtán ńlá sí, tó sì jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀. Ní December 2018, Adájọ́ Russel Holland sọ pé ìlú lè máa gba owó náà, ṣùgbọ́n ohun tó wúlò fún ọkọ̀ ni kí wọ́n fi ṣe. Lọ́dún 2019, ìhà méjèèjì parí ìjà náà láàrin ara wọn. Ọgbà àti àbùùbùtán inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ti iye èrò, Juneau kò ṣe bíi ti Bar Harbor. Àdéhùn ló bá àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe: ọkọ̀ ńlá márùn-ún lójúmọ́ láti 2024, láti 2026, ibùsùn 16,000 lójúmọ́, àti 12,000 lọ́jọ́ Sátidé. Ibùsùn ni wọ́n kà, kì í ṣe orí. Yàrá tí wọ́n ka ibùsùn méjì sí lè gba ọmọdé kan tàbí méjì sí i lórí ibùsùn òkè, nítorí náà èrò lè ju iye tó wà nínú ìwé. Nígbà tí àwọn kan ní Juneau fẹ́ kí ọkọ̀ má wá rárá lọ́jọ́ Sátidé, àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́ ní October 2024.

Ìlú kan tún wà tó dìbò tí ìbò rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ní November 2020, àwọn ará Key West ní ìpínlẹ̀ Florida fọwọ́ sí i pé èrò 1,500 ni kó máa sọ̀ kalẹ̀ lójúmọ́, kí ọkọ̀ tó lè gbé ju ènìyàn 1,300 lọ má sì wá. Nígbà tó di 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe òfin tó gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ ìlú, ìbò wọn sì di òfo. Maine kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ sí Bar Harbor, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kóòtù àti àpótí ìdìbò nìkan ni àwọn tó ta ko òfin náà rí sá bá.

Wọ́n sì tún sá bá àpótí. Ní November 2024, wọ́n bi àwọn ará Bar Harbor bóyá kí wọ́n pa òfin 1,000 rẹ́, kí wọ́n fi 3,200 lójúmọ́ rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn láàrin ìlú àti àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Àwọn tó ní kí òfin 1,000 dúró ló borí, ṣùgbọ́n iye ìbò tí wọ́n fi borí kò tó 100. Lọ́dún 2022, ó lé ní 500. Àwọn ará ìlú kan náà, ojú títì kan náà, ọkàn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì ọgbọọgba.

Ní August 2025, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn àpapọ̀ fọwọ́ sí púpọ̀ nínú ìdájọ́ Adájọ́ Walker, ṣùgbọ́n ó dá apá kan padà fún un. Ohun tí wọ́n ní kó tún gbé yẹ̀ wò ni bóyá ìnira tí òfin náà mú bá òwò láàrin ìpínlẹ̀ àti ìpínlẹ̀ pọ̀ ju àǹfààní tí àwọn ará ìlú ń rí nínú rẹ̀ lọ. Lórí òṣùwọ̀n kan náà ni yóò ti wọn owó tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní àwọn ń pàdánù àti ojú títì tí àwọn ará ìlú fẹ́ máa rí rìn.