Igi Ẹ̀ṣọ́ Nínú Agbo Ilé: Èwo Ló Yẹ Ká Gbìn?

Ní Ìbàdàn, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà, páànù kan páànù, ògiri fara ti ògiri, oòrùn ọ̀sán sì ń sọ ẹ̀yìnkùlé di ààrò. Bí a bá ní kí onílé gbin igi, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé gbòǹgbò yóò wó ilé òun. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ilé alámọ̀ tí àwọn baba wa kọ́ kò ní ìpìlẹ̀ tó jìn, ìrókò tàbí àràbà kan ṣoṣo sì tó láti la ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ńlá ni ẹjọ́ yìí kàn, kì í ṣe gbogbo igi. Àṣìṣe wa ni pé a máa ń tìtorí ẹwà ra igi nígbà tó ṣì wà nínú ọ̀rá, láì béèrè bí yóò ti rí ní ogún ọdún. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ gbin igi kéékèèké inú igbó òjò tiwa, kí ẹ sì fi akòko ṣáájú.

Ẹ wo oruru. Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí iná, omi inú òdòdó tí kò tíì là sì ni àwọn ọmọdé máa ń tú sí ara wọn. Igi ilẹ̀ wa ni. Wọ́n gbé e kiri ayé nítorí ẹwà, ṣùgbọ́n ní Hawaii lónìí, bí ọ̀tá igbó ni wọ́n ṣe ń wò ó. Ó lè ga tó mítà 25, igi rẹ̀ sì rọ̀, ìjì a máa ṣẹ́ ẹ. Ojú títì tó fẹ̀ ló yẹ, kò yẹ ẹ̀gbẹ́ páànù. Ní ti igi gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní masquerade, tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, kì í gba ààyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ibòji rẹ̀ jókòó sí?

Akòko ń nà sókè ju bó ṣe ń tàn lọ, ewé rẹ̀ kì í tán lórí lẹ́ẹ̀rùn, òdòdó rẹ̀ sì rẹwà. Àwọn kan yóò ní igi abọ̀rìṣà ni. Ewé oyè ni lóòótọ́, a sì ń lò ó nígbà tí a bá ń fi Olúbàdàn jẹ. Àmọ́ mùsùlùmí àti kìrìsítẹ́nì náà ń joyè ní Ìbàdàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á lè gbin orógbó, bí kò tilẹ̀ yára dàgbà. Ẹ lè béèrè nípa irúgbìn wọn ní FRIN, ilé ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò.

Akòko kò gbówó lórí. Nígbà tí òjò oṣù kẹrin bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn tó àtàǹpàkò, kó gùn tó apá, kí ẹ rì í dé ìdajì. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀, tó sì ní àwọ̀ ewé, ó ti yè. Ewúrẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀ ju ọ̀gbẹlẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fi ọparun sọgbà yí i ká. Ní ìgbà ọyẹ́, omi tí a fi ṣan ìrẹsì tó o. Ẹ má da omi ọṣẹ sí i. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi, kí ikán má baà gùn ún.

A ò sọ pé igi lè dá ìkún omi tí à ń pè ní Omíyalé dúró, irú èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1980. Ohun tó lè ṣe ni kí gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú níbi tí ọ̀gbàrá ti ń wẹ erùpẹ̀ lọ. Ewé yóò bọ́ sí gọ́tà, ẹ gbá a. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ló ń dí i jù. Ẹ fi mítà mẹ́ta, ó kéré tán, sáàárín igi àti ògiri. Bí ààyè yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi igi sílẹ̀, ẹ gbin pèrègún.