Ọmọ Tí Wọn Kì Í Dárúkọ Nínú Ilé

Bí ìjà bá wọ inú ẹbí, oníkálukú á máa ro ẹjọ́ tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á ní tòun, àbúrò á ní tòun, títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú kan náà lọ̀rọ̀ á ṣì wà.

Ará Jámánì kan, Bert Hellinger, ní ọ̀nà mìíràn wà. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i, ó kú lọ́dún 2019. Fádà ìjọ Àgùdà ni tẹ́lẹ̀, ó sì lo bí ọdún 16 láàrin àwọn Súlú ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tó ti rí bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òbí, kó tó bọ́ ẹ̀wù fádà sílẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn èèyàn á jókòó yíká. Ẹni tó ní ìṣòro á sọ ìtàn ilé wọn ní ṣókí: ta ló kú, ta ni wọ́n lé jáde, ọmọ mélòó ni ìyá bí. Kò ní máa sọ pé "ìyá mi burú" o! Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kó sọ. Lẹ́yìn náà, á mú lára àwọn tó jókòó, tí wọn ò mọ ẹbí rẹ̀ rárá, á ní kí ọ̀kan dúró bíi bàbá, ọ̀kan bí ìyá, ọ̀kan bí òun alára. Á fọwọ́ kan wọn léjìká, á to oníkálukú síbi tọ́kàn rẹ̀ bá sọ. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á sì sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n níbi tí wọ́n dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan ń bá àbúrò rẹ̀ jà lórí ilé bàbá wọn. Ó tò wọ́n tán, ó wá rí i pé ìyá tí òun fọwọ́ ara òun tò kọ̀yìn sí ọmọ méjèèjì, ilẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ta ni ìyá ń wò? Ìgbà yẹn ló tó rántí pé ọmọ kan kú kí wọ́n tó bí òun, tẹ́nikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀fọ̀ ni ìyá ń ṣe látọjọ́ yìí, àwọn ọmọ rò pé ẹnì kejì ló fẹ́ràn jù. Ilé ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n máa pín o, ṣùgbọ́n ìjà ọ̀hún ti yàtọ̀.

Ẹ dúró ná o. Ẹni tó dúró bí ìyá kì í ṣe ìyá. Bó bá ní inú ń bí òun sọ́mọ, ọ̀rọ̀ ẹnu tiẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì gan-an bẹnu àtẹ́ lu Hellinger, nítorí bó ṣe máa ń pàṣẹ fún èèyàn bí ẹni pé òun nìkan ló mọ òótọ́ ilé wọn. Nílẹ̀ tiwa níbí, tí wọ́n ti ń torí àlá lásán pe ìyá arúgbó láàjẹ́, ẹni tó bá fi irú nǹkan báyìí dájọ́ á tú ilé ká ni. Kó kúkú lọ bá ìyá rẹ̀, bí ìyá bá ṣì wà láyé, kó kúnlẹ̀, kó bi í pé: "Màmá, ọmọ yín tó kú yẹn, kí lẹ sọ ọ́?"